OpenWrt àti àdírẹ́sì IP aláìyípadà nínú ilé: àyẹ̀wò sọ́fítíwíà ráútà kan

OpenWrt ni sọ́fítíwíà ọ̀fẹ́ tí a lè fi rọ́pò èyí tí ilé-iṣẹ́ tó ṣe ráútà (ẹ̀rọ tó ń so àwọn ẹ̀rọ ilé mọ́ íntánẹ́ẹ̀tì) kó sínú rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Iṣẹ́ tó lè ṣe pọ̀ ju ohun tí àyẹ̀wò kan lè kárí lọ, nítorí náà apá kan ṣoṣo ni mo fẹ́ fi wọ̀n ọ́n níhìn-ín, ìyẹn bí ó ṣe ń fún àwọn kọ̀ǹpútà àti ẹ̀rọ inú ilé ní àdírẹ́sì IP (nọ́ńbà tí a fi ń rí ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan lórí nẹ́tíwọ́ọ̀kì) tí kì í yí padà. Mo yan apá yìí nítorí pé òun ló máa ń kọ́kọ́ da àwọn tó ní ju kọ̀ǹpútà kan lọ láàmú. Ẹ̀rọ ìtẹ̀wé tó ṣiṣẹ́ dáadáa lánàá kò dáhùn mọ́ lónìí, kọ̀ǹpútà tí a ń kó fọ́tò àti fáìlì pamọ́ sí kò ṣe é rí mọ́, fóònù kò sì mọ ibi tí kámẹ́rà ẹnu ọ̀nà wà, bẹ́ẹ̀ kò sí èyí tó bàjẹ́ nínú wọn. Àdírẹ́sì wọn ló yí padà.

Ìlànà tí à ń pè ní DHCP, èyí tí ẹ̀dà rẹ̀ tó gbajúmọ̀ jáde ní oṣù kẹta ọdún 1997, ló wà nídìí ọ̀rọ̀ náà. Bí ẹ̀rọ kan bá ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ nẹ́tíwọ́ọ̀kì ilé, yóò béèrè àdírẹ́sì. Ráútà ni yóò dá a lóhùn, ṣùgbọ́n kì í fún un ní àfúntán, ńṣe ló ń yá a. Lórí OpenWrt, wákàtí 12 ni ẹ̀rọ náà ní láti lo àdírẹ́sì ọ̀hún bí a kò bá yí ètò rẹ̀ padà, bí ìdajì àkókò yìí bá sì ti kọjá, ẹ̀rọ náà yóò béèrè pé kí ráútà fi àkókò kún un fún òun. Ẹ̀rọ tí a kì í pa kì í sábà pàdánù àdírẹ́sì rẹ̀. Èyí tí a pa fún ọjọ́ mélòó kan ni ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò dáni lójú, torí pé àkókò tí wọ́n yá a ti pé, ẹlòmíràn sì lè ti gba àyè rẹ̀.

Nínú OpenWrt, sọ́fítíwíà kékeré kan tó ń jẹ́ dnsmasq, iṣẹ́ ọwọ́ Simon Kelley, ló ń pín àdírẹ́sì. Ó ní ọgbọ́n kan tí mo fẹ́ràn: kì í kàn mú àdírẹ́sì tó bá kàn lórí ìlà, ńṣe ló ń fi nọ́ńbà MAC ẹ̀rọ náà (nọ́ńbà ìdánimọ̀ tí wọ́n ṣe mọ́ ọn lára) ṣe ìṣirò láti mọ èyí tí yóò fún un, kí ẹ̀rọ kan náà lè máa rí àdírẹ́sì kan náà gbà ní ọ̀pọ̀ ìgbà. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ìgbà kì í ṣe gbogbo ìgbà. Inú fáìlì /tmp/dhcp.leases ni àkọsílẹ̀ àwọn àdírẹ́sì tó ti yá jáde wà, inú RAM sì ni fáìlì náà ń gbé, èyí tó túmọ̀ sí pé bí iná bá lọ, tàbí tí a bá pa ráútà tí a sì tún un tàn, àkọsílẹ̀ náà ti pa rẹ́ nìyẹn. Ẹni tó bá ń fọkàn balẹ̀ nítorí pé àdírẹ́sì ẹ̀rọ ìtẹ̀wé rẹ̀ kò tíì yí padà láti ọjọ́ pípẹ́, oríire ló gbẹ́kẹ̀ lé, kò tíì ṣe ètò kankan.

Ọ̀nà méjì ni a lè gbà mú kí àdírẹ́sì dúró sójú kan. Èkíní ni kí a lọ bá ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan níbi tó wà, kí a sì fi ọwọ́ tẹ ohun mẹ́rin sínú rẹ̀: àdírẹ́sì fúnra rẹ̀, nọ́ńbà tó ń sọ ibi tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì ilé parí sí, èyí tó sábà máa ń jẹ́ 255.255.255.0, àdírẹ́sì ráútà, àti àdírẹ́sì DNS tó ń bá a túmọ̀ orúkọ sí nọ́ńbà. Èkejì ni kí a fi ẹ̀rọ náà sílẹ̀ bó ṣe wà, kí ó máa béèrè àdírẹ́sì gẹ́gẹ́ bí ìṣe rẹ̀, kí a wá pàṣẹ fún ráútà pé àdírẹ́sì báyìí-báyìí nìkan ni kó máa fún un nígbàkigbà tó bá béèrè. Ọ̀nà kejì yìí ni mo fara mọ́ fún inú ilé, ibẹ̀ sì ni OpenWrt ti gba oríyìn lọ́wọ́ mi.

Ewu ọ̀nà àkọ́kọ́ kì í tètè hàn. Ká ní a fi ọwọ́ tẹ 192.168.1.120 sínú kọ̀ǹpútà kan, tí àdírẹ́sì náà sì wà lára àwọn tí ráútà ń pín kiri. Kí dnsmasq tó fi àdírẹ́sì kan lọ ẹ̀rọ tuntun, ó máa ń fi ping, ìyẹn ìpè kékeré kan tó ń dúró de èsì, yẹ̀ ẹ́ wò bóyá ẹnì kan ti ń lò ó. Bí kọ̀ǹpútà wa bá wà ní títàn, tí kò sì dí ping, yóò dáhùn, gbogbo rẹ̀ yóò sì lọ ní ìrọ̀rùn. Bí ó bá wà ní pípa lálẹ́ ọjọ́ kan ńkọ́? Kò ní dáhùn, ráútà yóò rò pé àyè ṣófo, yóò sì fi àdírẹ́sì náà fún fóònù tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ẹ̀rọ méjì ni yóò máa jìjàdù àdírẹ́sì kan, kò sì sí èyí tí iṣẹ́ rẹ̀ yóò já gaara nínú àwọn méjèèjì. Èyí kò tíì kan kọ̀ǹpútà alágbèéká, tó jẹ́ pé bí a bá gbé e lọ sí ibòmíràn pẹ̀lú àdírẹ́sì tí a tẹ̀ mọ́ ọn lára, kò ní lè wọ íntánẹ́ẹ̀tì níbẹ̀ àfi tí nọ́ńbà ibẹ̀ bá ṣe kòńgẹ́ tilé. Bí a bá sì pààrọ̀ ráútà, tí ti tuntun ń lo 192.168.0 dípò 192.168.1, gbogbo ẹ̀rọ inú ilé ni a ó lọ bá lọ́kọ̀ọ̀kan láti tún nọ́ńbà wọn tẹ̀.

Mo gbà pé àwọn ẹ̀rọ kan wà tí ọ̀nà àkọ́kọ́ tọ́ sí. Ráútà fúnra rẹ̀ kò lè béèrè àdírẹ́sì LAN (nẹ́tíwọ́ọ̀kì inú ilé) lọ́wọ́ ara rẹ̀. Kọ̀ǹpútà tó bá ń ṣe iṣẹ́ DHCP tàbí DNS fún gbogbo ilé pàápàá gbọ́dọ̀ lè dìde lórí ẹsẹ̀ ara rẹ̀, kó tó di pé ẹnikẹ́ni dá a lóhùn. Yàtọ̀ sí irú ìwọ̀nyí, ẹ jẹ́ kí ráútà mú ìwé àkọsílẹ̀ àwọn àdírẹ́sì dání.

Bí OpenWrt ṣe ṣètò iṣẹ́ yìí dára gan-an. Nínú ẹ̀dà 24.10, bí a bá ti ṣí LuCI, ìyẹn ojú ewé tí a fi ń darí rẹ̀, orí ojú ewé àkọ́kọ́ ni a ti máa rí gbogbo ẹ̀rọ tó yá àdírẹ́sì lọ́wọ́lọ́wọ́, pẹ̀lú orúkọ wọn, nọ́ńbà MAC wọn àti iye àkókò tó kù fún wọn. Bọ́tìnnì kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan tó ń sọ àdírẹ́sì tó ń lò báyìí di tirẹ̀ títí láé. Ẹni tó bá fẹ́ yan nọ́ńbà fúnra rẹ̀ yóò lọ sí Network, yóò mú DHCP and DNS, yóò sì ṣí apá Static Leases. Níbẹ̀, ohun mẹ́ta péré ló nílò láti kọ sílẹ̀: orúkọ, nọ́ńbà MAC àti àdírẹ́sì. Kí orúkọ náà má ṣe ní àmì ohùn, àmì ìsàlẹ̀ tàbí àlàfo. Lẹ́tà lásán, nọ́ńbà àti àmì ìdè nìkan ni ìlànà orúkọ kọ̀ǹpútà fàyè gbà, nítorí náà ẹ̀rọ ìtẹ̀wé lè jẹ́ itewe, kò lè jẹ́ ìtẹ̀wé.

Orúkọ tí a kọ síbẹ̀ yìí gan-an ni mo kà sí ẹ̀bùn tó tóbi jù nínú gbogbo ètò náà. Nítorí pé dnsmasq kan náà ló ń pín àdírẹ́sì tó sì tún ń dáhùn ìbéèrè DNS inú ilé, bí a bá ti so itewe mọ́ 192.168.1.10, gbogbo ẹ̀rọ tó bá ń béèrè orúkọ lọ́wọ́ ráútà ni yóò mọ itewe.lan lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Kò sí ẹni tó ní láti há nọ́ńbà sórí mọ́. Bí a bá sì ní ìdí láti yí nọ́ńbà náà padà lọ́jọ́ iwájú, ibì kan ṣoṣo ni a ó ti yí i, orúkọ yóò sì tẹ̀ lé e. Ọ̀pọ̀ ènìyàn tó ń wá àdírẹ́sì aláìyípadà, orúkọ tí kì í yí padà gan-an ni wọ́n nílò, OpenWrt sì fún wọn ní méjèèjì nínú ìlà kan.

Fáìlì tó wà lẹ́yìn gbogbo èyí jẹ́ ìwé lásán tí ojú lè kà, /etc/config/dhcp ni ó ń jẹ́. Bí ẹ̀rọ kan ṣe máa ń rí nínú rẹ̀ nìyí:

config host
        option name 'itewe'
        option mac '00:00:5E:00:53:01'
        option ip '192.168.1.10'

Ẹni tó ní ẹ̀rọ tó pọ̀ lè kọ gbogbo wọn sínú fáìlì náà lẹ́ẹ̀kan, kí ó sì fi àṣẹ service dnsmasq restart jẹ́ kí wọ́n di lílò. Ó lè tọ́jú ẹ̀dà rẹ̀ sí ibòmíràn, ó sì lè gbé e sórí ráútà mìíràn tó ń lo OpenWrt láìtún ohunkóhun tẹ̀. Ohun kan wà tó máa ń da àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ lọ́kàn rú níbí yìí: ẹ̀rọ tó ti ní àdírẹ́sì tẹ́lẹ̀ kò ní jù ú sílẹ̀ kíákíá nítorí pé a yí fáìlì padà. Yóò dìgbà tó bá tún padà wá béèrè. Nítorí náà kí a pa Wi-Fi rẹ̀ kí a tún un tàn, tàbí kí a yọ wáyà rẹ̀ kí a sì tún un kì bọ̀ ọ́; lórí Windows, ipconfig /release, tí ipconfig /renew tẹ̀ lé, yóò ṣe iṣẹ́ náà. Bí ẹ̀rọ bá gbé nọ́ńbà tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 169.254 jáde lẹ́yìn èyí, kò rí ráútà bá sọ̀rọ̀ rárá ni, ó sì ti yan nọ́ńbà fún ara rẹ̀. Wáyà tàbí Wi-Fi ni kí a yẹ̀ wò, kì í ṣe àkọsílẹ̀ àdírẹ́sì.

Ní ti yíyan nọ́ńbà, OpenWrt fúnni láyè tó fẹ̀. Bí ó ṣe máa ń wá, 192.168.1.1 ni ráútà, àwọn àdírẹ́sì tó ń pín kiri sì bẹ̀rẹ̀ láti 192.168.1.100 títí dé 192.168.1.249. Èyí túmọ̀ sí pé láti 2 dé 99 wà ní òfìfo, ibẹ̀ ni mo sì gbà yín níyànjú láti kó àwọn ẹ̀rọ aláìyípadà sí. dnsmasq kò béèrè pé kí àdírẹ́sì tí a yà sọ́tọ̀ wà láàárín àwọn tó ń pín kiri, bí ó bá ṣáà ti wà nínú nẹ́tíwọ́ọ̀kì kan náà. Bí ó bá tiẹ̀ wà láàárín wọn, kò ní fi fún ẹlòmíràn. Ètò tó bá ya 10 sí 19 sọ́tọ̀ fún ẹ̀rọ ìtẹ̀wé, 20 sí 29 fún kọ̀ǹpútà ìkófáìlìpamọ́, 30 sí 49 fún kámẹ́rà, yóò jẹ́ kí a mọ irú ẹ̀rọ tó ń sọ̀rọ̀ kí a tó wo orúkọ rẹ̀.

Ṣùgbọ́n kí a tó kọ àdírẹ́sì kan ṣoṣo sílẹ̀, ìpinnu kan wà tí ó yẹ kí a kọ́kọ́ ṣe, ìyẹn nẹ́tíwọ́ọ̀kì tí ilé yóò máa lò. Ìwé RFC 1918, ọ̀kan lára àwọn ìwé ìlànà íntánẹ́ẹ̀tì, tó jáde ní oṣù kejì ọdún 1996, ya ọ̀wọ́ mẹ́ta sọ́tọ̀ fún ìlò abẹ́lé: 10.0.0.0 dé 10.255.255.255, 172.16.0.0 dé 172.31.255.255, àti 192.168.0.0 dé 192.168.255.255. Àìmọye ráútà ni wọ́n ti ṣètò 192.168.1 tàbí 192.168.0 sínú rẹ̀ tẹ́lẹ̀. Bí OpenWrt wa bá wà lẹ́yìn ráútà mìíràn tí òun náà ń lo 192.168.1, ẹ̀gbẹ́ méjèèjì ráútà wa yóò di nẹ́tíwọ́ọ̀kì kan náà lójú rẹ̀, íntánẹ́ẹ̀tì kò sì ní kọjá. Bákan náà, ẹni tó bá fi VPN (ọ̀nà ìkọ̀kọ̀ tó gba orí íntánẹ́ẹ̀tì) wọ ilé rẹ̀ láti ibi tí wọ́n ti ń lo nọ́ńbà kan náà yóò rí i pé ẹ̀rọ ilé kò ṣe é dé. Nítorí náà, kí a mú nọ́ńbà tí kò wọ́pọ̀, bíi 192.168.73 tàbí 10.44.7, kí a yí LAN sí i ní ọjọ́ àkọ́kọ́ gan-an, kí a tó máa so orúkọ mọ́ àdírẹ́sì. Nígbà tí a bá ń ṣe ìyípadà yìí, LuCI máa ń dúró fún 90 ìṣẹ́jú àáyá láti rí i pé a ṣì lè bá ráútà sọ̀rọ̀. Bí kò bá gbúròó wa, yóò dá ètò tó wà tẹ́lẹ̀ padà. Àwọn tó ṣe èyí ro ti oníṣẹ́ tó dá wà, tí kò sí ẹni tí yóò ràn án lọ́wọ́ bí ilẹ̀kùn bá tì mọ́ ọn síta, mo sì bu ọlá fún wọn nítorí rẹ̀.

Níbi tí ètò ìyàsọ́tọ̀ àdírẹ́sì ti kù díẹ̀ káàtó ni ti fóònù. Nọ́ńbà MAC ni ráútà fi ń dá ẹ̀rọ mọ̀, ṣùgbọ́n láti Android 10 àti iOS 14 ni àwọn fóònù ti ń fi nọ́ńbà MAC àdáṣe bo èyí tí wọ́n bí wọn mọ́, kí àwọn ẹlòmíràn má baà máa tọ ipasẹ̀ oní-fóònù kiri. Ohun tó dára ni, n kò sì ní sọ fún ẹnikẹ́ni pé kó pa á níbi gbogbo. Kí ó pa á fún Wi-Fi ilé rẹ̀ nìkan, torí pé nẹ́tíwọ́ọ̀kì kọ̀ọ̀kan ni ètò náà wà fún, kó sì jẹ́ fóònù tó nílò àdírẹ́sì aláìyípadà lóòótọ́ nìkan ni yóò ṣe bẹ́ẹ̀ fún. Kọ̀ǹpútà alágbèéká náà ní ọ̀rọ̀ tirẹ̀: MAC kan ló wà fún wáyà, òmíràn ló wà fún Wi-Fi. OpenWrt gbà kí a kọ méjèèjì sí abẹ́ àdírẹ́sì kan, yóò sì ṣiṣẹ́ dáadáa níwọ̀n ìgbà tí a kò bá lo wáyà àti Wi-Fi pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà.

Mo ní àwọn àríwísí kan tí mi ò lè gbójú fò. Kì í ṣe gbogbo ráútà ló lè gba OpenWrt. Àwọn tó ń ṣe é sọ ọ́ kedere pé ó kéré tán, kí ráútà ní 8 MB ibi ìpamọ́ àti 64 MB RAM, ọ̀pọ̀ àwọn ráútà tí ẹ̀yà Wi-Fi wọn jẹ́ ti Broadcom kò sì rí àtìlẹ́yìn tó péye. Ẹni tó bá fẹ́ lò ó gbọ́dọ̀ wo orúkọ ráútà rẹ̀ àti nọ́ńbà ẹ̀dà rẹ̀ lórí àkójọ ẹ̀rọ tí wọ́n ń tì lẹ́yìn, nítorí ráútà méjì tó jọra bí ìbejì lóde lè yàtọ̀ nínú, bí a bá sì fi sọ́fítíwíà tí kì í ṣe tirẹ̀ sí i, ó lè má tàn mọ́. Lẹ́yìn tí a bá fi sí i tán, kò sí ọ̀rọ̀ ìwọlé lórí rẹ̀, Wi-Fi rẹ̀ sì wà ní pípa lórí ọ̀pọ̀ ráútà. Wáyà ni a ó fi wọlé ní ìgbà àkọ́kọ́. Ojú ewé DHCP and DNS pàápàá kún jù. Àwọn ohun tí onílé kò ní fọwọ́ kàn láéláé wà ní ẹ̀gbẹ́ èyí tó nílò lójoojúmọ́, mo sì rò pé ó yẹ kí Static Leases ní ojú ewé tirẹ̀.

IPv6, irú àdírẹ́sì IP tuntun tó gùn ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, tún jẹ́ ẹ̀ka mìíràn. Níbẹ̀, sọ́fítíwíà mìíràn tó ń jẹ́ odhcpd ló ń ṣiṣẹ́, a sì lè so ìparí àdírẹ́sì tí ẹ̀rọ kan yóò máa lò mọ́ ọn nínú ìlà kan náà tí a kọ orúkọ rẹ̀ sí. Ìbẹ̀rẹ̀ àdírẹ́sì náà wà lọ́wọ́ ilé-iṣẹ́ tó ń fún wa ní íntánẹ́ẹ̀tì, wọ́n sì lè yí i padà nígbà tó bá wù wọ́n, nítorí náà orúkọ ni kí a gbẹ́kẹ̀ lé jù níbẹ̀. Àdírẹ́sì tí gbogbo ayé fi ń rí ilé wa láti ìta náà kò sí lọ́wọ́ OpenWrt. Ilé-iṣẹ́ íntánẹ́ẹ̀tì ló ń fúnni ní irú èyí ní aláìyípadà. Bí àdírẹ́sì ẹ̀gbẹ́ ìta ráútà wa bá wà láàárín 100.64.0.0 àti 100.127.255.255, a jẹ́ pé àwa àti àwọn oníbàárà mìíràn ni wọ́n kó sábẹ́ àdírẹ́sì kan, kò sì sí ètò inú ilé tó lè yí ìyẹn padà.

Pẹ̀lú gbogbo èyí, OpenWrt ni mo máa yàn fún ilé tí ẹ̀rọ rẹ̀ ti pọ̀, tí ẹnì kan sì wà níbẹ̀ tó fẹ́ mọ bí nẹ́tíwọ́ọ̀kì òun ṣe ń ṣiṣẹ́. Ilé tó jẹ́ pé ẹ̀rọ ìtẹ̀wé kan péré ló ń yọ ọ́ lẹ́nu kò nílò rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ráútà ló ní ètò ìyàsọ́tọ̀ àdírẹ́sì tiwọn, èyí sì tó fún un. Ohun tó jẹ́ kí n fọkàn tán OpenWrt ni pé ó ti wà láti ọdún 2004, nígbà tí wọ́n gbé e jáde láti ara kóòdù ráútà Linksys WRT54G. Àwọn olùṣe rẹ̀ pín sí méjì ní 2016, nígbà tí àwọn kan lọ dá LEDE sílẹ̀, wọ́n sì tún padà di ọ̀kan ní 2018. Ráútà tí ilé-iṣẹ́ tó ṣe é ti pa tì tipẹ́ ṣì lè máa rí àtúnṣe ààbò gbà láti ọ̀dọ̀ wọn.

Ẹni tó bá ti kọ àwọn àdírẹ́sì rẹ̀ tán, kí ó lọ sí System, kí ó mú Backup / Flash Firmware, kí ó sì gba ẹ̀dà ètò rẹ̀ sórí kọ̀ǹpútà kí ó tó ronú nípa ẹ̀dà tuntun kankan. Sysupgrade, ìyẹn ohun tó ń fi ẹ̀dà tuntun sórí ráútà, máa ń pa ohun tó wà nínú /etc/config mọ́ bí a kò bá yọ àmì tó wà níwájú Keep settings. Àwọn sọ́fítíwíà àfikún tí a gbé wọlé fúnra wa ni kì í bá a kọjá bí a bá lo àwòrán sọ́fítíwíà tó wà fún gbogbo ènìyàn, nítorí náà kí a kọ orúkọ wọn sílẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ ẹ̀dà tí a gbà.